Lórí Ọ̀rọ̀ Ọkọ̀ Dísù Yín Tó Wà ní Broukro

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ìsinmi, ẹ kú orúnkún. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Bouaké níbí, bí ẹ kò tilẹ̀ rí mi. Màmá mi, ẹ kú iṣẹ́ ilé, ẹ kú omi pípọn. Àǹtí mi Fúnmiláyọ̀, ẹ kú ìtọ́jú àwọn àgbà. Bàbá Kékeré, ẹ kú àmójútó agboolé. Gbogbo ará ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, àtẹni tó fẹ́ràn mi, àtẹni tó ń retí nǹkan lọ́wọ́ mi, mo kí yín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo kọ lẹ́tà yìí sí gbangba, mo sì bẹ Àǹtí Fúnmiláyọ̀ kí wọ́n kà á sókè níwájú ilé, nítorí pé ọ̀rọ̀ orí fóònù kò ṣe mí lóore. Bàbá, nígbà tí ẹ pè mí lóṣù tó kọjá, ohun tí mo sọ ni pé ọkọ̀ ṣì wà. Kí ọ̀rọ̀ náà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ti di pé mo ti ta ọkọ̀. Nígbà tó máa fi dé ọ̀dọ̀ Bàbá Kékeré, mo ti ta ọkọ̀, mo sì ti fi owó rẹ̀ fẹ́ ọmọ Baoulé kan, ọmọ ilẹ̀ ibí. Bàbá Kékeré tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí mi, wọ́n kí mi kú oríire. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kò sí ìyàwó. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo bá wá.

Ara mi le. Ọyẹ́ wọ Bouaké lọ́dún yìí bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dìde. Eruku wà lórí àwo, ó wà lórí ibùsùn, ó wà nínú tíì. Ẹ̀yin gbé ibí fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ẹ mọ̀ ọ́n. Ètè mi ti là, mò ń fi òrí pa á bí Màmá ṣe ní kí n máa ṣe.

Ìsọ̀ wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Mò ń ta ṣéènì kẹ̀kẹ́, táyà alùpùpù àti búréèkì. Àwọn oníbàárà yín àtijọ́ ṣì ń wá. Wọ́n á wò mí títí, wọ́n á bèèrè yín, wọ́n á ní mo jọ yín, wọ́n á wá ní kí n dín iye tí ẹ̀yin kò dín fún wọn rí. Ìwé ẹ̀rí tí mo gbà ní Pólì lórí iṣẹ́ ẹ̀rọ wà lára ògiri nínú gíláàsì. Ó ń wúlò. Obìnrin tó ń ta ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi máa ń wo ojú ara rẹ̀ nínú gíláàsì náà kó tó wé gèlè.

Ẹ bi mí nígbà kan bóyá mò ń rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Mò ń rí wọn, wọ́n tilẹ̀ pọ̀. Dioula ni mò ń sọ láàárọ̀, mo máa ń sọ Faransé bí ìwé bá ti wọ ọ̀rọ̀, mo sì ti gbọ́ Baoulé débi tí mo fi ń mọ̀ bí wọ́n bá ń bú mi. Ẹni tó máa pè mí ní Àjàní ni kò sí. Anago ni wọ́n ń pe àwọn èèyàn wa níbí; Anago kékeré ni wọ́n ń pè mí lọ́jà, nítorí ẹ̀yin ni Anago àgbà. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, bí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo máa ń lọ jókòó sínú ọkọ̀ yín fún bíi wákàtí kan. Mi ò ní tan án. Ó ń rùn bí ẹ̀wù iṣẹ́ yín. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé mi ò kánjú láti tà á.

Àmọ́ títà la ní kí a tà á. Orúnkún yín ti ní òun kò padà sí Bouaké mọ́. Onílé tó ni àyè tí ọkọ̀ náà wà ní àdúgbò Broukro sì fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ẹ pè mí, ẹ ní kí n ta ọkọ̀, kí a fi owó rẹ̀ gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ fún Màmá. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Ẹ wá ní ẹni tó máa wà á ni kí n tà á fún, kí n má tà á fún ẹni tó máa tú u palẹ̀. Ẹ ní bí ẹ bá gbọ́ pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níbì kan, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà níbòmíràn, kí n má wulẹ̀ wá jẹ iyán Kérésìmesì ní ilé yín. Mo ní mo ti gbọ́, mi ò sì mọ ohun tí mo gbà sọ́rùn.

Fún àwọn ará ilé tí wọn kò rí ọkọ̀ náà rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Nígbà tí Bàbá rà á, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ funfun ni, bẹntiróòlù ló ń mu, èèyàn márùn-ún ló ń gbé. Bàbá, ẹ kò bá a jà. Díẹ̀díẹ̀ lẹ fi yí i lọ́kàn padà. Ẹ yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ẹ fi ti ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tó ń mu dísù sí i. Ẹ yọ sípíríǹgì ẹ̀yìn, ẹ fi ti lọ́rì sí i, débi pé bí kò bá gbé ẹrù, ìdí rẹ̀ á ga, ojú rẹ̀ á wolẹ̀ bíi ti ẹni tó ń wá kọ́bọ̀ tó jábọ́. Ẹ yọ àga ẹ̀yìn, ẹ gbé bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì wọlé. Ẹ mú sàlẹ́ǹsà tí èéfín ń gbà jáde kúrò lábẹ́, ẹ fà á gba ẹ̀gbẹ́ lọ sókè òrùlé. Nígbà tí aago tó ń ka kìlómítà kú, ẹ fi ti ọkọ̀ mìíràn tí ìjàǹbá tètè pa rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ní ká gba ti aago yẹn, ọkọ̀ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn ni. Níkẹyìn, ẹ kùn ún ní àwọ̀ ewé, nítorí ọ̀dà àwọ̀ ewé ló ṣẹ́ kù nígbà tí ẹ kun géètì tán.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo mú ìwé rẹ̀ jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní kátígírísì níbí. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni funfun, bẹntiróòlù, àyè márùn-ún. Nígbà ogun tó jà níbí, ìwé kò ká ẹnikẹ́ni lára; lẹ́yìn ogun, ojú gbogbo ọ̀nà ti mọ ọkọ̀ yín. Ẹ̀yin kò fìgbà kan rò pé ẹnì kan á tún bèèrè. Mo wa ọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń ṣe ìwé ọkọ̀. Ọ̀gá tó wà nídìí tábìlì wo ìwé, ó gba ojú fèrèsé wo ọkọ̀, ó tún wo ìwé. Ó ní ọkọ̀ inú ìwé yìí dà? Mo ní òun nìyẹn. Ó ní rárá o, funfun ni ti inú ìwé, kí n lọ mú un wá. Mo ní bàbá mi ló tún un ṣe. Ó ní ìgbà wo? Mo ní kí wọ́n tó bí mi. Ó ní ṣé bàbá mi kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun wá sọ ni? Mo ní bàbá mi sọ, gbogbo ọjà ló sọ fún. Ó ní ọjà kì í tẹ ìwé.

Kò lé mi o. Ó darí mi sí ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa yẹ ọkọ̀ wò. Ọkùnrin yẹn wọ abẹ́ ọkọ̀ yín, ó pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó bóyá ó ti sùn. Nígbà tó jáde, ó nu ọwọ́, ó ní ta ló jó irin yìí? Mo ní bàbá mi ni. Ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí ní gbogbo ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò ní já. Ó ní kí n kí yín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo gba ìwé tuntun: àwọ̀ ewé, dísù, ọkọ̀ tí a tún ṣe. Ẹ kú oríire, Bàbá. Ìjọba ti gbọ́.

Ẹ mọ òfin ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Bí ohun àgbà bá fẹ́ di títà, ọmọ ìlú la kọ́kọ́ ń fi lọ̀ kí a tó gbé e fún àjèjì. Mo dìde nípàdé, mo ní bàbá mi fẹ́ ta ọkọ̀. Inú ilé ru. Bàbá kan ní ọkọ̀ yẹn ló gbé òun lọ sí ilé ìwòsàn nígbà tí ejò bu òun jẹ. Ìyá kan ní ọ̀nà Marabadiassa ni òun ti bí àkọ́bí òun, nínú rẹ̀, láàárín iṣu. Àkọ́bí náà wà níjókòó níbẹ̀, ó ti hu irùngbọ̀n. Wọ́n gbàdúrà fún yín fún bí ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí wọ́n ṣe àmín tán, mo ní ta wá ni yóò rà á? Wọ́n ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ta ló tó o rà? Wọ́n sì kọjá sórí ọ̀rọ̀ àga tí wọ́n fẹ́ yá fún ìsìnkú.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé kò sí ọmọ ìlú wa tó lè dúró níwájú ọmọ kó sọ pé ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe kò dára, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tó fẹ́ rà á.

Alhaji Búsàrí, ọ̀rẹ́ yín tó ń ta aṣọ, ní òun kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́ mi jẹ. Wọ́n ní ọmọdé kì í dá ta ohun àgbà láìsí ẹlẹ́rìí. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti fẹ́ wá wo ọkọ̀, Alhaji á ti gbé àga rọ́bà wọn dé, wọ́n á jókòó tì í bí ẹni tó fẹ́ fi ọmọ fọ́kọ.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wá tọkàntọkàn ni Sékou, ọmọ Dioula kan tó fẹ́ máa fi gbé èrò. Ó kan ilẹ̀kùn, ó ta táyà nípàá, ó wọlé, ó jáde. Ojú rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó wá wo aago kìlómítà, ó ní ṣé òótọ́ ni iye tó wà níbí yìí? Mo la ẹnu láti ṣàlàyé. Alhaji wúkọ́. Wọ́n ní aago wo? Wọ́n ní ṣé aago ló fẹ́ sọ ìtàn ọkọ̀ yìí fún un, nígbà tí òun wà láàyè? Wọ́n dìde dúró. Wọ́n ní ọkọ̀ yìí ti lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́ẹ̀meje, ó sì padà lẹ́ẹ̀meje. Ó mọ Ghana, ó mọ Togo, ó mọ Benin. Wọ́n ní nígbà ogun, èèyàn mọ́kànlá àti ewúrẹ́ méjì ló kó jáde nílùú, òun gan-an jókòó sórí òrùlé. Ó ti ṣubú sí kòtò lẹ́ẹ̀mejì, ó dìde. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú lẹ́ẹ̀kan, ó jí. Wọ́n ní ohun tó ti rí gbogbo èyí, kí ló kù láyé tó lè bà á lẹ́rù?

Mo rí Sékou tó ń fi ìka kà á. Nígbà tí Alhaji fi dé orí kòtò kejì, ó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ alùpùpù rẹ̀ nínú àpò. Ó kí wa dáadáa kó tó lọ. Ó ní, Alhaji, àgbà báyìí, ẹ jẹ́ kó sinmi. Alhaji yíjú sí mi, inú wọn dùn. Wọ́n ní ṣé mo rí i bí ẹnu ṣe ya ọmọkùnrin náà?

Bàbá, àwa nìkan la lè ṣe irú àṣìṣe yìí. Níbi tiwa, bí a bá fẹ́ gbé àgbà ga, ìyà tó ti jẹ la máa ń kà sí i létí. Àgbà á máa mi orí, inú rẹ̀ á máa dùn. Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ kò wá àgbà wá ní tirẹ̀. Ọmọ tuntun tí kò tíì rí nǹkan kan láyé ló ń wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣẹlẹ̀ báyìí, oníbàárà mẹ́ta ni Alhaji fi ìyìn lé lọ. Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò sọ fún wọn kí wọ́n dákẹ́. Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi.

Onílé wá da iyanrìn àti búlọ́ọ̀kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ó ní ọjọ́ Ajé lòun máa gbẹ́ ìpìlẹ̀, bí ọkọ̀ bá ṣì wà níbẹ̀, òun á kọ́lé yí i ká. Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni ọkùnrin kan tó ń ra ọkọ̀ láti tú u tà dé. Kò wo ọ̀dà, kò wo ìwé. Ó fi spánà kan ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mẹta bí dókítà, ó ní oníẹ̀rọ ìlọta kan ń wá irú rẹ̀, ó sì ní ẹni tó máa gba sípíríǹgì. Iye tó pè ju iye tí ẹnikẹ́ni ti pè lọ. Àǹtí Fúnmiláyọ̀ sì fi ohùn Màmá ránṣẹ́ lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Màmá ní ṣé omi náà á máa dúró de ẹni tó máa wa ọkọ̀ ni?

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí láti ẹnu tèmi. Mo ní kí ọkùnrin náà padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn aago kan ọ̀sán. Mo ti pinnu láti tà á fún un. Mo ti ń ro bí mo ṣe máa jẹ iyán Kérésìmesì níbí.

Ọjọ́ Jímọ̀ dé. Alhaji ti lọ sí mọ́sáláṣí, àga rọ́bà wọn nìkan ló wà níbẹ̀. Kí ọkùnrin tó ń tú ọkọ̀ tà tó dé, obìnrin kan wọlé. Akissi lorúkọ rẹ̀, ọmọ Baoulé ni, ẹgbẹ́ Àǹtí Fúnmiláyọ̀ ni á jẹ́. Ó ń kó ẹ̀gẹ́ àti iṣu láti abúlé kan lẹ́yìn Diabo wá sí Bouaké. Ọ̀dọ̀ obìnrin ẹlẹ́ja ìdí ìsọ̀ mi ló ti gbọ́ nípa ọkọ̀. Ó yí i po lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ta ló ba ọkọ̀ yìí jẹ́ tó báyìí? Mo ní bàbá mi.

Ó ní kí ló dé tí ìdí rẹ̀ ga bíi ti ewúrẹ́ tó ń mu omi? Mo ní iṣu ni. Bí àpò iṣu bá wọ̀ ọ́, á tẹ́jú. Ọkọ̀ tó tẹ́jú láìgbé ẹrù ni ìdí rẹ̀ máa ń fà nílẹ̀ bó bá gbé e. Ó ní páìpù òkè yẹn ńkọ́, ṣé à ń dáná nínú rẹ̀ ni? Mo ní odò kékeré kan wà lójú ọ̀nà oko, bí òjò bá ti rọ̀, omi rẹ̀ á gun ojú ọ̀nà, á wọ inú sàlẹ́ǹsà tó bá wà nísàlẹ̀, ọkọ̀ á sì kú sáàárín omi. Ó ní odò wo? Mo sọ ibi tó wà. Ó ní odò yẹn ló gbé ẹ̀gẹ́ òun lọ lọ́dún tó kọjá, awakọ̀ sá, ó fi òun sílẹ̀ sínú omi. Ó ní bẹ́ǹṣì yìí ńkọ́, ṣé a fẹ́ gba ìsìn ni? Mo ní bí a bá yọ ọ́, àyè ẹrù ni. Bí a bá dá a padà, àyè èèyàn ni, ìṣẹ́jú méjì ni. Ó ní aago kìlómítà? Mo ní irọ́ ló ń pa, kó má wò ó rárá, Ọlọ́run àti Alhaji Búsàrí nìkan ló mọ iye tó jẹ́.

Bí mo ṣe ń dá a lóhùn ni èmi náà ń gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Kò sí ohun kan tí ẹ pààrọ̀ lára ọkọ̀ yẹn tí kì í ṣe ọ̀nà ló ní kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ti wá wò ó tẹ́lẹ̀, orí títì ọlọ́dà ni wọ́n fẹ́ máa wà á. Ojú ọ̀nà tí ẹ tún un ṣe fún gan-an ni obìnrin yìí ń gbà lójoojúmọ́.

Ó ní kí n sún, òun fẹ́ fọwọ́ ara òun tan án. Ẹ̀yin ará ilé, ọkọ̀ dísù àtijọ́ kì í jí lójijì, inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbóná. Bàbá fi bọ́tìnì bẹ́ẹ̀lì ẹnu ọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ìwakọ̀ fún iṣẹ́ yẹn. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ ó máa ka Àdúrà Olúwa. Bí ẹ bá dé “Fún wa ní oúnjẹ òòjọ́ wa lónìí,” ẹ ó yí kọ́kọ́rọ́. Ní Pólì, aago ni wọ́n ní ká fi wọn irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo ti gbé aago tì í wò: àdúrà náà kò fi ìṣẹ́jú àáyá méjì yẹ̀.

Mo ṣàlàyé fún Akissi. Kò bi mí ní ìdí rẹ̀, ọmọ ìjọ Àgùdà ni. Ó tẹ bẹ́ẹ̀lì, ó ń fi èdè Faransé gbàdúrà, àmọ́ ó ń sáré kà á bí ẹni tí ìkòkò rẹ̀ ń hó dànù lórí iná. Ó dé orí oúnjẹ òòjọ́, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ wúkọ́, ó dákẹ́.

Àṣé ọkùnrin tó ń tú ọkọ̀ tà ti wọlé, ó fara ti ògiri pẹ̀lú àpò spánà. Ó ní, Madame, ẹ má da ara yín láàmú, ó ti kú, òkú rẹ̀ ni mo wá gbé. Akissi kò wò ó. Mo ní kó tún un kà, kó rọra, kó má sì dúró lórí oúnjẹ, kó máa lọ. Ó tẹ bẹ́ẹ̀lì. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kà á bí ẹni tó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó kọjá oúnjẹ, ó tọrọ ìdáríjì. Nígbà tó dé “bí àwa ti ń dárí ji àwọn tó ṣẹ̀ wá,” ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ gbọn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dáhùn. Èéfín gba òkè orí wa lọ, kò kan ẹnikẹ́ni. Akissi gbójú sí ọkùnrin tó wà lára ògiri, ó ní òun ti dárí jì í.

Ó ná an débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Iye tó san kò tó ti ọkùnrin tó ń tú ọkọ̀ tà. Mo gbà á. Mo mọ̀ pé Màmá á gbọ́ gbólóhùn yìí, mo sì bẹ̀ wọ́n: ó tó kànga, ó kàn jẹ́ pé ìyókù kò tó ráìsì ayẹyẹ ṣíṣí rẹ̀ ni.

A ti fọwọ́ sí ìwé nígbà tí Alhaji ti mọ́sáláṣí dé pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Wọ́n wo ọkọ̀ tó ń dún, wọ́n wo obìnrin tó wà nídìí rẹ̀, wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo yára fún wọn ní bíírò kí wọ́n fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí. Wọ́n fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ọwọ́ lé òrùlé ọkọ̀ yẹn, níbi tí wọ́n jókòó sí nígbà ogun. Akissi dúró dè wọ́n títí wọ́n fi gbé ọwọ́ kúrò kó tó wa ọkọ̀ lọ.

Màmá, orúkọ yín ni mo fi owó náà ránṣẹ́ sí. Bàbá, ẹ má bínú. Bí owó náà bá gba ọwọ́ yín kọjá, ẹ ó rí ọkọ̀ kan tó nílò àtúnṣe kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ohun kan ló kù, òun ló sì mú kí n má lè dúró de ìgbà tí ẹnì kan máa wá sílé kó bá mi jíṣẹ́. Akissi pè mí lọ́jọ́rú, ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ọyẹ́ oko lẹ́yìn Diabo le ju ti ìgboro níbí lọ. Ó ti gbé ẹ̀gẹ́ sínú ọkọ̀, àwọn obìnrin ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ti gbàdúrà dé àmín lẹ́ẹ̀mejì, ọkọ̀ kò jí. Nígbà tó dé ẹ̀ẹ̀kẹta, tí gbogbo wọn jọ gbà á, ó jí. Ó ní òun kò ráhùn o, àmọ́ òun fẹ́ mọ̀: nígbà ọyẹ́, ibo ni bàbá mi máa ń bá àdúrà náà dé? Mo ní mi ò mọ̀. Mi ò bá yín lo ọyẹ́ níbí rí. Ẹ ti lọ sílé kí n tó dé, àárín ẹ̀ẹ̀rùn tó gbóná sì ni ẹ kọ́ mi ní ti oúnjẹ òòjọ́ lórí fóònù.

Mo fún un ní nọ́ńbà yín. Ó máa pè yín. Baoulé ló máa sọ, mo sì mọ̀ pé kò tíì kúrò lẹ́nu yín. Kùtùkùtù ló ń jáde lọ sọ́jà, nítorí náà ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ orí yín bí ẹ bá ń sùn, kí ẹ má fi í sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọkọ̀ náà wà láàyè, Bàbá. Ẹ̀yin nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń jí i nígbà òtútù.

Ẹ bá mi kí Pásítọ̀, ẹ kí ìyá oníwàrà, ẹ kí àwọn ọmọ Àǹtí Fúnmiláyọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kí gbogbo ẹni tó jókòó gbọ́ lẹ́tà yìí títí dé ibí láìdìde. Kí Olúwa fún orúnkún yín lókun, kó jẹ́ kí kànga Màmá ní omi tó mọ́, kó má jẹ́ ká fi ẹkún pe ara wa. Ire á kárí gbogbo agboolé.

Èmi ni ọmọ yín,
Gbénga Àjàní,
Broukro, Bouaké.